Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Náà Ní Sámúẹ́lì

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, orúkọ kan ṣoṣo. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ìjọ wa èyíkéyìí lókè Ọya lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ pe "Sámúẹ́lì", ẹ óò rí i pé ọmọkùnrin méjì mẹ́ta ni yóò yíjú padà.

Nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi ìkómọ kan ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méje ni tọkọtaya náà fi retí ọmọ. Inú ilé tí wọ́n háyà ni a ti ṣe é, torí kò sí ilé bàbá ẹnikẹ́ni nítòsí. Kò sí ìyá ọkọ, kò sí ìyá ìyàwó, kò sí àwọn ìyàwó ilé tí yóò máa ki ọmọ. Àwa ará ìjọ ni a di ẹbí. Wọ́n gbé fóònù kan sórí tábìlì láàárín Bíbélì àti abọ́ oyin, wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè kí ìyá bàbá ọmọ lè máa gbọ́ wa láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí ó kan bàbá ọmọ láti dárúkọ, ó ní, "Sámúẹ́lì." Gbogbo wa ṣe àmín. Màmá dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi á máa pè é ní Gbóhùnmi. Olúwagbóhùnmi." Ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn kíá: "Màámi, Sámúẹ́lì nìkan ni. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Yorùbá á kàn máa dà á láàmú níbí ni." Fóònù kò sọ nǹkan kan mọ́. A kọrin, a gbàdúrà, a jẹ ìrẹsì.

N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ìkómọ kì í ṣe ibi tí à ń bá bàbá ọmọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi, torí ó dá mi lójú pé bàbá yẹn kò mọ ohun tí ó sọ ọmọ rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn orúkọ yìí, a kò sì mọ ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á lọ bá Hánà fúnra rẹ̀ nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kìn-ín-ní. Ẹni tó bá gbé ilé olórogún rí kò nílò ìwé àlàyé láti mọ ohun tí ojú obìnrin yìí rí. Pẹnínà ń bímọ, Hánà kò bí. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ, Pẹnínà á máa fi ọ̀rọ̀ gún un lára títí yóò fi máa sunkún tí kò ní lè jẹun. Ọkọ rẹ̀ ń tù ú nínú, ó ní ṣé òun kò tó o ju ọmọ mẹ́wàá lọ ni. Ọkùnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á forí jì í. Nígbà tí Hánà gbàdúrà tán nínú tẹ́ńpìlì, tí ètè rẹ̀ ń mì tí a kò gbóhùn rẹ̀, àlùfáà Élì rò pé ó ti mutí. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti rọ́wọ́ àdúrà tó gùn nínú ìjọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí olórí ìjọ ṣi ẹkún ẹni gbọ́.

Ó bí ọmọkùnrin náà. Ẹ wá kíyè sí ẹsẹ ogún. Hánà ló dárúkọ ọmọ, ó sì sọ ìdí rẹ̀: nítorí pé ọwọ́ Olúwa ni òun ti tọrọ rẹ̀. Kí ni àwa ń pe irú èyí? Orúkọ àbísọ ni. Ilé ló wò kó tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí a bí sójú ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà, ẹni tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ń jẹ́ Babátúndé, ẹni tí a bí lẹ́yìn òkun tí wọ́n gbé wálé ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Bí Hánà bá jẹ́ ará Ìjèrú ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbá ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé orúkọ Bíbélì wà lápá kan, orúkọ ilé wa wà lápá kejì, bí ẹni pé ọ̀kan wá láti ọ̀run tí èkejì sì jẹ́ ti ayé, kó tún orí yẹn kà.

Nígbà tí mo wà ní Sẹ́mínárì, Hébérù ni ẹ̀kọ́ tó le fún mi jù lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ka orí yìí ni mo dárí ji olùkọ́ wa. Shemuel ni orúkọ náà ní èdè Hébérù. Shem ni "orúkọ", El ni "Ọlọ́run", ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń túmọ̀ rẹ̀ sí "orúkọ Ọlọ́run" tàbí "Ọlọ́run ni orúkọ rẹ̀". Àwọn mìíràn ń gbọ́ shama nínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí "gbọ́", wọ́n sì ní "Ọlọ́run ti gbọ́" ni. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ẹ óò rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé orúkọ ọmọ, òun náà sì ni àwọn pásítọ̀ wa máa ń sọ níbi ìkómọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Hánà lò nígbà tó ń ṣàlàyé kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Shaal ló lò, èyí tí í ṣe "béèrè" tàbí "tọrọ". Bí a bá sì fi ti gírámà ṣe é, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "ẹni tí a tọrọ" kò yẹ kó jẹ́ Sámúẹ́lì rárá. Sọ́ọ̀lù ló yẹ kó jẹ́, torí Shaul tí wọ́n ń pe ọba yẹn ní Hébérù, "ẹni tí a tọrọ" gan-an ló túmọ̀ sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti fi èyí sọ pé ìtàn ìbí Sọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé fún Sámúẹ́lì. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Obìnrin tó bímọ lẹ́yìn ẹkún ọdún púpọ̀ kì í jókòó ti gírámà. Ó gbọ́ ìró ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, ó so wọ́n pọ̀, ó fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ìyá wa ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Shama àti El kan náà ló wà nínú orúkọ Íṣímáẹ́lì, ọmọ Hágárì, ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 16:11. Ìsímáílà ni àwọn aládùúgbò wa ń pè é. Bíbélì Hausa sì ń pe Sámúẹ́lì ní Sama'ila, orúkọ tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Hausa ń jẹ́ dípò Isma'ila. Nítorí náà, ọmọ yín tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì àti ọmọ Màláàmù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé yín lè máa jẹ́ orúkọ tí a fi ń jẹ́rìí ohun kan náà, pé ìyá kan ké, Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ sọ fún wọn nígbà mìíràn tí wọ́n bá jọ ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìyẹn ni ìdajì tí a mọ̀. Ìdajì kejì wà ní ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n. Hánà já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ó mú un lọ sí Ṣílò, ó sì tún lo ọ̀rọ̀ kan náà, shaal, ṣùgbọ́n ó yí i padà bí èdè Hébérù ti ń gbà á láàyè, tí "tọrọ" fi di "yá". Ohun tó sọ fún Élì ni pé ọmọ tí òun tọrọ lọ́wọ́ Olúwa, òun ti yá Olúwa títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni títọrọ àti yíyá lẹ́nu obìnrin yìí. Ẹni tó bá fi ẹnu Hánà pe ọmọ rẹ̀ ní Sámúẹ́lì ti dárúkọ méjèèjì pa pọ̀.

Àwa Onítẹ̀bọmi kì í tẹ ọmọdé bọmi. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ń gbé ọmọ wá síwájú ìjọ, a sì ń fi í fún Olúwa, orí yìí gan-an ni a sì sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹsẹ ogún ni a ń fi wàásù fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n ni a ń sáré kà kí àwọn òbí tó ya fọ́tò. Ẹ̀bi wa ni, àwa tí a ń dúró lórí pẹpẹ. A ti fi yé yín pé orúkọ ìdáhùn àdúrà ni Sámúẹ́lì, a kò fi yé yín pé orúkọ ohun tí a yá Olúwa ni pẹ̀lú.

Lẹ́yìn yíyá náà ńkọ́? Orí kejì, ẹsẹ kọkàndínlógún, sọ pé lọ́dọọdún ni Hánà máa ń rán ẹ̀wù kékeré kan lọ fún un. Ẹ rò ó wò. Kò rí ọmọ náà láti ọdún dé ọdún. Báwo ló ṣe ń mọ ìwọ̀n rẹ̀? Yóò jókòó ní Rámà, yóò máa fojú inú wo bí èjìká rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó báyìí, yóò sì fi díẹ̀ kún gígùn rẹ̀. Ìyá tèmi náà ń ránṣọ sí mi láti ilé ní ìparí ọdún. Ìwọ̀n ara tí mo ní kí n tó jáde nílé ló fi ń rán an títí dòní, mo sì máa ń gbé e lọ bá télọ̀ kó bá mi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, èlùbọ́ àti ata gígún tí wọ́n ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ṣakí, láti Ìgbẹ́tì, kí lẹ rò pé ó jẹ́? Ìyá tó yá ẹnìkan lọ́mọ ló ń fi ránṣẹ́.

Báwo wá ni orúkọ tí obìnrin Ísírẹ́lì kan sọ ọmọ rẹ̀ ṣe di orúkọ tó kún ìjọ wa báyìí? Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa gùn. Lẹ́yìn Àtúnṣe Ìjọ ní Yúróòpù, àwọn Pùrítánì ní England bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ inú Májẹ̀mú Láéláé sọ ọmọ dípò orúkọ àwọn ẹni mímọ́ tí ìjọ Pápà ń lò, Sámúẹ́lì sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé Sierra Leone. Ibẹ̀ ni ó ti bá ọmọ Yorùbá kan pàdé.

Àjàyí ni orúkọ tí ọmọ náà mú ti ọ̀run wá, torí pé ó dojú bolẹ̀ wáyé. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821 àwọn tó ń kó ẹrú ya wọ ìlú wọn, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó ní 1822. Àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ní 1825 wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọmi, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà kan ní London sọ ọ́, ẹni tó ń jẹ́ Samuel Crowther. Ẹ rí i pé orúkọ yìí kò wá láti ẹnu ìyá kankan. Kò sí ẹni tó wo ilé Àjàyí kó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá lè jẹ́ ẹ̀wù àwìn, bẹ́ẹ̀ ni ti Sámúẹ́lì yìí rí ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kàwé, ó di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní 1843, wọ́n sì rán an lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlá, gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, ó sì wá a wá. Ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún bíi méjìlá ló lọ, ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ ló bá. Ní 1848, Àfàlá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ bọmi ní Abẹ́òkúta. Kí ni wọ́n sọ ọ́? Hánà.

Mo ti ka ìtàn yìí láìmọye ìgbà, ibẹ̀ yẹn ṣì máa ń dá mi dúró. Nínú Bíbélì, Hánà ló sọ Sámúẹ́lì lórúkọ. Ní Abẹ́òkúta, nítorí Sámúẹ́lì ni ìyá fi di Hánà. Ọjọ́ náà ni orúkọ tí wọ́n kàn gbé wọ Àjàyí ní Freetown wá di orúkọ tó ní ilé, torí ó ti ní ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí á sọ ọ́ di ìtàn dídùn. Hánà ti Rámà yá Olúwa lọ́mọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àfàlá kò yá ẹnikẹ́ni lọ́mọ. Wọ́n já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Kò sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe fún un, n kò sì ní jókòó sínú ìjọ kan kí wọ́n máa sọ fún mi pé Ọlọ́run ló rán àwọn tó ń kó ẹrú níṣẹ́. Ohun tí mo gbà ni pé Olúwa wá a rí, Ó sì dá ọmọ rẹ̀ padà fún un nígbà tí kò retí mọ́.

Láti ìgbà Crowther ni orúkọ náà ti ń rìn láàárín wa. Òun náà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú Bíbélì Yorùbá. Samuel Johnson ló kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ kó tó jáde ní 1921. Samuel Oshoffa dá Ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Pọ́tònóófò ní 1947. Èyí tó kàn yín jù ni Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, torí Onítẹ̀bọmi ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ oníṣòwò tó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Mínà. Ọmọ òkè Ọya bíi tàwọn ọmọ yín ni fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sílé ní 1922. Ẹ lọ wo ara ògiri yunifásítì tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ládòkè ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ Samuel.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rán mi létí Mojola Agbebi, ó sì tọ́ kó rán mi létí. David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń dàgbà. Ní 1894 ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gba orúkọ Yorùbá, ó sì ń wọ aṣọ wa lọ sí ibikíbi tó bá ń lọ. Nígbà tí àwọn ìjọ wa kóra jọ ní 1914, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Brown àti Vincent, ó tọ́ kó jù wọ́n nù, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n Dáfídì kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá wà láyé nígbà náà, tí wọ́n sì gbà kí obìnrin sọ̀rọ̀, ǹ bá bẹ̀ ẹ́ kó fi Dáfídì sílẹ̀ síbi tó wà kó sì gbé Mojola síwájú rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ má sọ ọmọ yín ní Sámúẹ́lì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí Sámúẹ́lì má lé Àjàyí jáde kúrò nílé.

Ìdí tí bàbá ọmọ yẹn fi kọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ mú wá, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe agbéraga. Ẹ̀rù ni. Ọmọ wa yóò kún fọ́ọ̀mù, wọ́n á béèrè pé ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni, wọ́n á wo orúkọ rẹ̀, wọ́n á ní àlejò ni, bí wọ́n tilẹ̀ bí òun àti bàbá rẹ̀ sí ìlú náà. N kò ní fi ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná ní 2000, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jọs ní oṣù Sẹ́ptẹ́ńbà 2001: nígbà tí wọ́n dá yín dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ní kí ẹ dárúkọ, èwo nínú orúkọ yín ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín láti fi pamọ́? Orúkọ Yorùbá wa, Mùsùlùmí ń jẹ́ ẹ, Kristẹni ń jẹ́ ẹ. Sámúẹ́lì ló ń sọ ẹni tí a jẹ́ kí a tó lanu. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí kó lè fara pamọ́ ti yan ibi tí kò ní òrùlé. Ó dára kí ọmọ jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹ nítorí ohun tó ń sọ.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ yíyá, torí òun ló ń dùn mí jù. Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ Sámúẹ́lì parí yunifásítì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kebbi, ó sì tẹ̀ wọ́n láago pé òun kò ní padà wálé, pé òun fẹ́ dúró ti àwọn Kàmbárì tí òun ń kọ́ ní Bíbélì. Kò sí owó oṣù kan pàtó níbẹ̀. Ìyá náà jókòó, kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún un. Ó ní, "Àǹtí, ṣé torí pé mo sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, orúkọ kọ́ ló mú un lọ." Mo gbàdúrà fún un, ó lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé ìdáhùn mi kò kún. Òótọ́ ni pé orúkọ kì í ṣe oògùn. Àwọn ọmọ Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó wà ní orí kẹjọ, bẹ́ẹ̀ wòlíì ló bí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá náà mọ ohun kan tí èmi ń sá fún. Ó mọ̀ pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ kan lójú Ọlọ́run ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ohun tí ǹ bá sọ fún un ni pé, "Màmá, Ọlọ́run kò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ yá A, ó kàn jẹ́ pé a kò ka ẹsẹ tó kù fún yín ni." Òun náà kúrò ní ilé ìyá rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó tẹ̀lé ọkọ wá sí ibi tí kò mọ èdè wọn. Ẹnìkan ti yá ẹnìkan lọ́mọ ṣáájú.

Mi ò sọ pé gbogbo Sámúẹ́lì ló gbọ́dọ̀ di pásítọ̀. Fún ẹlòmíràn, yíyá náà ni kó gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ Berom tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ìjọ, dípò kó máa fi àìsàn èké halẹ̀ mọ́ ọn. Fún ẹlòmíràn, ni kí ọmọ jẹ́ tíṣà. Ẹ sì ṣọ́ra fún pásítọ̀ tó bá fi ẹsẹ yìí gba ọmọ yín kó lè máa fọ mọ́tò rẹ̀. Ilé tí Hánà mú ọmọ lọ kò dára, Hófínì àti Fíníhásì ń fi àmúga já ẹran gbà lọ́wọ́ àwọn tó wá rúbọ níbẹ̀. Hánà mọ̀. Olúwa ló yá lọ́mọ, kò yá Élì.

Bí ẹ bá ti ní Sámúẹ́lì nílé, ẹ pè é jókòó ní alẹ́ òní, kí ẹ sọ fún un ìdí tí ẹ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí màmá àgbà nílé yín tí yóò sọ ọ́ fún un, àwọn tó mọ ìtàn náà wà ní ọ̀nà jíjìn. Bí kò bá sí ìdí tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ó kàn dùn létí ni, ẹ sọ èyí náà fún un, kí ẹ sì jọ ka orí méjì àkọ́kọ́ yẹn. Bí ẹ bá sì ń retí ọmọ, ẹ tẹ ilé láago kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n mú wá, kí ẹ má dúró dìgbà tí a ó gbé fóònù sórí tábìlì lójú gbogbo ènìyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ kò lọ sí Sẹ́mínárì. Kò mọ shama, kò mọ El. Ó kàn gbọ́ pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ lẹ́yìn ọdún méje, ó wo ilé, ó ní Olúwagbóhùnmi. Ó túmọ̀ orúkọ tí ọmọ rẹ̀ dá sí Yorùbá kí fóònù tó dákẹ́, ọmọ rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ fún un. Mo ti fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù rẹ̀ láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ti kà á. Kò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ pè mí lánàá láti kí mi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́yìn fóònù tó ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Gbóhùnmi ló ń pè é.